Oògùn mẹ́ta ni mo kọ fún màmá ẹlẹ́lùbọ́, ìbéèrè kan ni mi ò bi wọ́n

Dókítà_Olúyọ̀lé · Àìkú, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Dókítà ni mí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣe é. Ọjọ́ Ajé ni kíníìkì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Màmá kan wà tí wọ́n ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 186/104 ni ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ amlodipine fún wọn. Nígbà tí wọ́n padà wá, ó ṣì wà lókè, mo fi lisinopril kún un. Wọ́n tún padà wá, kò wálẹ̀, mo fi hydrochlorothiazide kún un, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní oògùn ìtọ̀. Kò wálẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú fáìlì wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kò gbóògùn. Mo tún kọ àyẹ̀wò kídìnrín àti àwọn àyẹ̀wò mìíràn tí owó wọn ju èrè tí màmá ń jẹ lórí àpò ẹ̀lùbọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Kọ̀ǹpútà tí à ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí kú. Mi ò rí ohun tí mo lè kọ, mi ò rí èsì àyẹ̀wò tí mo lè wò. Èmi àti màmá kàn jókòó, à ń wo ara wa. Ni mo bá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń lo àwọn oògùn yìí gan-an? Ẹ fi hàn mí."

Wọ́n tú ọ̀rá kékeré kan jáde láti inú àpò owó tí wọ́n so mọ́dìí. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi, èyí yìí, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi bá ń ru ni mo máa ń lò ó." Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ń ru. Wọ́n ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ àwọn ni, tàbí ọjọ́ tí ẹnì kan bá múnú bí àwọn lọ́jà. Èyí tó ń múni tọ̀, wọn kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà, nítorí ilé ìtọ̀ jìn sí ìsọ̀ wọn, owó ni wọ́n sì ń gbà níbẹ̀, kò tún sí ẹni tí yóò bá wọn jókòó ti ọjà. Ọjọ́ wo ni kì í ṣe ọjọ́ ọjà fún ẹlẹ́lùbọ́? Àfi Àìkú. Ní ti amlodipine, ó wú wọn lẹ́sẹ̀. Aládùúgbò kan ní kídìnrín ló ń bàjẹ́ yẹn, wọ́n sì ti jù ú nù láti ọdún tó kọjá.

Oògùn mẹ́ta ló wà nínú ìwé mi. Èyí tó ń dé ẹnu màmá kò tó ìdajì ọ̀kan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò purọ́ fún mi rí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá wọlé, ohun tí mo máa ń sọ ni, "Ẹ ń lo oògùn yín, àbí?" Ojú mi á ti wà lórí ìwé kí n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n á ní, "À ń lò ó, dókítà." Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó. Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀, kí ni àgbàlagbà tó bá mọ ọmọlúàbí ṣe tún lè fi fèsì ju bẹ́ẹ̀ ni lọ?

Ọdún méjì ni wọ́n fi wà nínú ewu rọpárọsẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, tí mo rò pé mò ń tọ́jú wọn. Mo gbà báyìí pé bíbéèrè jẹ́ ìtọ́jú bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣe jẹ́ ìtọ́jú, àti pé àwa tí a kàwé rẹ̀ ti ń fi í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tí àyè bá wà. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀ṣogbo · Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́

Dókítà, ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo jí lọ́jọ́ tí mo lọ sí ilé ìwòsàn kan níbí. Mo gba nọ́ńbà, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí aago kan ọ̀sán kọjá. Nígbà tí mo wọlé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ tó jẹ́ dókítà níbẹ̀ kò gbójú sókè wò mí. Mo ní mo ní ìbéèrè nípa oògùn tó kọ, ó ní ṣé èmi náà kàwé dókítà ni. Ọmọ tí mo lè bí! Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, mo ti fi ọwọ́ mi kọ́ ilé, mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Mo dìde, mo kí i, mo jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò padà sí ilé ìwòsàn kankan.

Nítorí náà, ẹ má bínú, àánú màmá ẹlẹ́lùbọ́ ṣe mí ju tiyín lọ.

---

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ajé, aago kan òru

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe kò dára, kò sí àwáwí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìhà ibi tí àwa wà lẹ́yìn tábìlì yẹn.

Kí n tó bọ́ sí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, mo ṣe kíníìkì ẹlẹ́jẹ̀ ríru fún ọdún mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì méjì, dókítà méjì, èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwé wa sọ pé kí aláìsàn kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ọ̀gangan ọkàn, kí ó má sọ̀rọ̀. Bẹ́ǹṣì wa kò ní ìfẹ̀yìntì. Tábìlì kò sí fún apá. Àwọn àgbà á ti gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ti bá ẹni tó fẹ́ gba iwájú wọn jà, wọ́n á jókòó, èmi á so nǹkan mọ́ wọn lápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé ọgọ́rin èèyàn ṣì wà lẹ́yìn. Nọ́ńbà tó bá jáde ni mo máa kọ. Dókítà á wo nọ́ńbà yẹn, á fi oògùn kún oògùn.

Dókítà Olúyọ̀lé, mo bẹ̀ yín, ẹ wo 186 yẹn dáadáa. Bóyá àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀.

---

Oníkẹ́míìsì_Agége · Ajé, aago méje àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Iwájú mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí máa ń parí sí.

Ẹni tó bá mú ìwé dókítà wá, ohun àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni, "Ẹ bá mi ṣe é, èló ni gbogbo rẹ̀?" Mo bá sọ iye rẹ̀. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n á wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, dókítà kò sì sí níbẹ̀. Ẹni tó máa ń ra páálí odindi tẹ́lẹ̀ ti ń ra káàdì kan. Ẹni tó ń ra káàdì kan ti ń ní kí n fi sísọ́ọ̀sì gé márùn-ún fún òun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ apoògùn GSK kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, mo rí àwọn òbí tí ọmọ wọn ní ikọ́ fée tí wọ́n ń ti kẹ́míìsì kan bọ́ sí òmíràn nítorí oògùn fífà símú kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá tún rí i, owó rẹ̀ á ti yàtọ̀.

Ọdún 2005 ni ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣe òfin tuntun pé ó di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì mi láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ ka iye ẹni tó máa mú káàdì adójútòfò wá. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ń wo ara wọn sàn.

Nítorí náà, dókítà, ìbéèrè yín dára gan-an, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ ni pé kí ẹ béèrè iye tí wọ́n lè ná kí ẹ tó gbé bírò. Ó máa ń ti àwọn dókítà lójú láti béèrè owó. Kò yẹ kó tì yín lójú. Oògùn kan tí èèyàn lè rà lóṣooṣù dára ju mẹ́ta tó máa rà lẹ́ẹ̀kan lọ.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn · Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọdún karùn-ún ni mo wà. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ màmá tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Wọ́n ní "ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ mi bá ń ru."

Màmá kò ṣìnà. Orúkọ tí a fún àrùn náà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tó bá ń ru, ó ń ru, nígbà tó bá yá, á rọlẹ̀. Omi máa ń ru, òkun máa ń ru, inú èèyàn máa ń ru. Ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, kí ló fẹ́ lo oògùn fún? Àrùn yìí kì í sì í sọ̀rọ̀. Èèyàn lè wà ní 180 kó máa jó níbi ìnáwó. Àwa ń kọ́ ọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìfúnpá ni, pé ó ń ti ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán-tòru, a dé iwájú àwọn àgbà, a wá pè é ní orúkọ tó ń sọ fún wọn pé ìbínú ni.

Bàbá mi àgbà náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń ní àwọn kì í bínú, nítorí náà àwọn kò lè ní in. Rọpárọsẹ̀ ló mú wọn lọ.

---

Dókítà_Olúyọ̀lé · Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Àbúrò, ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá àgbà o. Ọlọ́run á tu ìdílé nínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, ọdún kẹrìnlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ Yorùbá ni mí, mi ò rò ó dé ibẹ̀ rí. Lónìí ní kíníìkì, mo dán nǹkan wò. Mo ní, "Bàbá, ẹ wo ọpọ́n omi tí ẹ fi rọ́bà fa omi nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fún ẹnu rọ́bà náà pa, agbára tí omi fi ń ti rọ́bà láti inú, ohun tó wà lára yín nìyẹn, ó sì wà níbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ ń sùn." Bàbá náà ní, "Áà, nígbà tó bá yá, rọ́bà á bẹ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun fún 186 yẹn. Lónìí mo wọn ẹ̀jẹ̀ màmá fúnra mi, lẹ́yìn tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. 162/96. Ó ṣì ga dáadáa ju 140/90 tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ lọ, àrùn náà wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí mo kọ sínú fáìlì. Oníkẹ́míìsì, mo béèrè iye tí wọ́n lè ná. Ojú tì mí kí n tó béèrè, ojú kò sì ti màmá rárá. Wọ́n ka iye owó náà fún mi bí ẹni ń ka iye ẹ̀lùbọ́. Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí oògùn méjì tó máa wọ inú owó náà. Mo yọ oògùn ìtọ̀ kúrò pátápátá. Mo tún ṣàlàyé fún wọn pé ẹsẹ̀ wíwú tí wọ́n rí lára amlodipine yẹn, oògùn náà ló máa ń fà á lára àwọn mìíràn, kì í ṣe kídìnrín wọn ló ń bàjẹ́, mo sì fún wọn ní ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwọn tó wà níta ń kùn. Mi ò lè ṣe é fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ kan náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

---

ỌmọÌmẹ̀sí · Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí àgbà kan dá sí i. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n bí mi sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley ń ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà wá sí ìlú wa. Àwọn ọmọdé ń kú nígbà náà, ẹ̀ẹ̀yi àti ìgbẹ́ gbuuru ń kó wọn lọ, ebi tí kì í hàn lójú náà sì ń bá wọn jà. Kíníìkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló dá sílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni káàdì. Káàdì kan wà tí wọ́n ya ìlà sí, ìlà náà ń gòkè bí ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí i. Tí àmì ọmọ bá ń gòkè, ó dára. Tó bá dúró lójú kan, nǹkan ń bọ̀ nìyẹn, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Káàdì yẹn kì í sì í gbé ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ló ń wà. Màmá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n fi tèmi sínú ọ̀rá, wọ́n sì há a sábẹ́ àjà. Wọ́n lè fi ìka tọ ìlà náà kí wọ́n sọ ìgbà tí mo ní ẹ̀ẹ̀yi àti ìgbà tí mo bọ́ nínú rẹ̀. Káàdì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú wa yẹn tàn ká ayé.

Èmi ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin dókítà òde òní: kí ló dé tí fáìlì màmá ẹlẹ́lùbọ́ fi wà lọ́dọ̀ yín, tí kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn? Kọ̀ǹpútà kú, ẹ ò mọ nǹkan kan mọ́. Ká ní ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ màmá tí nọ́ńbà wọn wà nínú rẹ̀ láti ọdún méjì, àwọn fúnra wọn ì bá ti rí i pé àmì náà kò kúrò lójú kan.

---

Dókítà_Òkèòkun · Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán

Ẹ kúulé o. Mo kúrò nílé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, dókítà àdúgbò ni mí báyìí ní àríwá England. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ rò pé owó nìkan ni ìṣòro mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wà níbí náà. Aláìsàn kì í sanwó fún wa níbí, kọ̀ǹpútà kì í kú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń fún wa fún ẹnì kan, ojú kọ̀ǹpútà ló sì ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Èkìtì wà ládùúgbò wa. Kí n tó dé ibẹ̀, ògbufọ̀ ni wọ́n ń lò fún wọn lórí fóònù. Ìyá ní, "Àyà mi ń já." Ògbufọ̀ sọ pé àyà ń dùn wọ́n. Wọ́n bá sáré gbé wọn lọ, wọ́n ya àwòrán ìlù ọkàn wọn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n dá wọn dúró mọ́jú. Wọn ò rí nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó rí wọn, mo kí wọn lédè wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí n tó béèrè ohunkóhun. Ọkọ wọn ti kú, àwọn nìkan ló ń sùn nínú ilé, ẹ̀rù ń bà wọ́n lóru. Ohun tí wọ́n ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò bínú sí àwọn tó gbé wọn lọ o. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó bá ní àyà ń dun òun, ó yẹ kí a sáré. Mo kàn ń rò ó pé àwọn ẹ̀rọ yẹn dáhùn ìbéèrè wọn dáadáa, ìbéèrè náà ni kì í ṣe ti ìyá.

---

Nọ́ọ̀sì_Òru · Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá alẹ́

Mo gbà pẹ̀lú gbogbo yín, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí dúró, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á kó rò pé ìwọ̀n àti ẹ̀rọ ni ọ̀tá wa.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe báyìí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa àwọn ìyá wa jù. Láyé ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú ni a fi ń wò ó. A ó wo aṣọ tó wà lábẹ́ obìnrin, a ó ní, "Kò tíì pọ̀." Àwọn ìyá àgbà nínú iṣẹ́ wa, tí wọ́n ti gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún, ojú náà ni wọ́n fi ń wò ó, ojú a sì máa tàn wọ́n jẹ. Ẹ̀jẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú aṣọ. Kí ó tó hàn pé ó pọ̀, ọwọ́ ìyá á ti tutù.

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE jáde lọ́dún 2023. Ilé ìwòsàn ọgọ́rin ni wọ́n ti ṣe é, ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa. Ohun tí wọ́n lò kò le rárá: ọ̀rá kan tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá, tó ní ìdí bí ìdí àpò, tí ìlà ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú rẹ̀, à ń rí iye rẹ̀. Tó bá dé ìlà, a kì í dúró jiyàn mọ́, gbogbo ìtọ́jú ló máa tẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà: a ó fọwọ́ ra ilé ọmọ, a ó fún un ní oògùn tó ń mú ilé ọmọ sún kì àti èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, a ó fa omi sí i lára, a ó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko àti wàhálà tó ń tẹ̀ lé e dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yin ọwọ́ àti etí, ẹ rántí pé ojú tèmi ti ṣìnà lórí ìyá kan rí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Ká ní ọ̀rá yẹn wà lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

---

Dókítà_Olúyọ̀lé · Ọjọ́rú, aago márùn-ún àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá wa dúró ti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òru. Ẹ ti tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ká wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, ká sì bi ẹni tí a wọ̀n: méjèèjì ni mi ò ṣe fún màmá.

Bàbá Ìmẹ̀sí, mo ti ra àwọn ìwé pélébé kéékèèké lọ́wọ́ ọmọ tó ń tà á lẹ́nu géètì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo máa fún àwọn àgbà tí mo bá rí lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n máa mú un bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yín náà mú mi rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta. Ní ọdún 1954 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú máa gbé inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa jẹun pẹ̀lú àwọn ará abúlé, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Oògùn òyìnbó wà níbẹ̀, èèyàn wọn náà sì wà níbẹ̀.

---

ÀbíkẹyìnMàmá · Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹ̀yin dókítà. Ó ti wà lọ́kàn mi láti ọdún mẹ́ta.

Jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe màmá mi. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, dókítà pe àwa ọmọ sẹ́yìn, ó sọ fún wa, ó ní kí a pinnu bóyá a fẹ́ kí màmá mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká má sọ, pé ẹ̀rù á pa wọ́n kí àrùn tó pa wọ́n. A pè é ní egbò. Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi ń purọ́ fún wọn, tí a sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí a bá wọ yàrá wọn. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n pè mí lóru, èmi nìkan, wọ́n ní, "Àbíkẹ́yìn, mo mọ ohun tó ń ṣe mí láti ọjọ́ tí ẹ dẹ́kun bíbá mi ṣàríyànjiyàn." Wọ́n ní owó ẹgbẹ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fẹ́ dá padà, ẹnì kan sì wà tí wọ́n ti fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n dákẹ́ nítorí pé wọn ò fẹ́ ba àṣírí tí àwa ń pa mọ́ jẹ́.

Wọ́n rí owó náà dá padà. Ẹnì kejì, wọn ò rí i kí wọ́n tó lọ.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín nìyẹn, pé kí ẹ máa sọ fún ọmọ dípò aláìsàn?

---

Dókítà_Olúyọ̀lé · Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, ọmọ màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín ní ọ̀sán, mi ò lè dáhùn títí mo fi délé.

Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Aláìsàn ló ni ìròyìn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń ṣe ohun tí dókítà yẹn ṣe, èmi náà ti ṣe é. Nílẹ̀ wa, ẹbí ló ń sanwó, ẹbí ló ń gbé omi wá, ẹbí ló ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a sì ń rò pé bí a bá ti bá ẹbí sọ̀rọ̀, a ti bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún wa láti wo ojú ọmọ ju kí a wo ojú màmá lọ.

Ohun tí mò ń ṣe láti bí ọdún mẹ́ta ni pé, kí èsì àyẹ̀wò tilẹ̀ tó jáde, mo máa ń bi aláìsàn fúnra rẹ̀ pé, "Tí èsì yìí bá dé, ṣé ẹ̀yin ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kó gbọ́ ọ pẹ̀lú yín?" Àwọn kan á ní kí n sọ fún ọmọ àwọn, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń ní, "Èmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún." Ká ní dókítà yẹn bi màmá yín kó tó pè yín sẹ́yìn, ẹ̀yin ọmọ kọ́ ni ì bá ru ẹrù yẹn. Ẹ má fi ìyà rẹ̀ jẹ ara yín.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣogbo, ẹ dákẹ́ láti ọjọ́ Àìkú. Mo rò yín. Mo sì fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún àwọn ọkùnrin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn gan-an ni wọn kì í sọ ọ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń dí ọkùnrin lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú náà máa ń fa ohun kan náà. Ọkùnrin á jù ú nù, kò ní sọ fún ìyàwó, kò ní sọ fún dókítà, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé. Oògùn mìíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì ni, tí ẹnì kan bá lè kọ́kọ́ ṣí i.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀ṣogbo · Ẹtì, aago mẹ́fà àárọ̀

Dókítà, mo rí ohun tí ẹ kọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọmọ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo ti há a mọ́nú láti ìta ibi tí mo jókòó sí, mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ sí ọmọ kékeré láìjẹ́ pé ó rí mi fín. Bó ṣe dá mi lóhùn, mo gbé e mì.

Láti Iléyá tó kọjá, n kò fọwọ́ kan oògùn náà.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kàn padà máa lò ó?

---

Dókítà_Olúyọ̀lé · Ẹtì, aago méje àárọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá a padà bẹ̀rẹ̀ fúnra yín, torí a ò mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ yín wà báyìí, ẹ̀yin náà sì ti sọ fún wa ohun tí oògùn yẹn ṣe fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n láìpẹ́, kí ẹ sì jókòó sinmi kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ. Ẹ kó páálí àwọn oògùn náà dání, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣófo, kí wọ́n lè mọ orúkọ rẹ̀. Tó bá ṣòro fún yín láti sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ kàn nà án sí wọn. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní dókítà tó bá dàgbà díẹ̀ ni ẹ fẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, tí ẹnu bá wọ́, tí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí èémí kò bá délẹ̀ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì o. Ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀ṣogbo · Ẹtì, aago mẹ́jọ àárọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kíníìkì tiwa níbí. Mo ti rí páálí méjì nínú dúrọ́ọ̀, ìkẹta ni mò ń wá. Ìyàwó mi bi mí ohun tí mò ń tú kiri láàárọ̀ kùtùkùtù, mo sì sọ fún un. Ó ní òun máa bá mi lọ.